Ẹnjiníà Tó Tú Ọkọ̀ Ara Rẹ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìrántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, Ọmọ Òṣòdì

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹnjiníà kan tí ará ìlú fẹ́ràn, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ayọ̀délé Awójọbí ni mo yàn. Òṣòdì níbí ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 1937. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá lójoojúmọ́ ni kò mọ̀. Oríta Oníkẹ̀ ní Yábàá ni ère rẹ̀ wà, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ló ṣí i ní ọdún 2009. Yunifásítì Èkó ní Àkókà ni orúkọ rẹ̀ ti ń dún jù. A ò bá Yábàá jà, a ò bá Àkókà jà. Àmọ́ ẹni tó ni ọmọ kì í dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín ìyìn ọmọ rẹ̀.

Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ ki Awójọbí, àwọn oyè ìwé rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí lónìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjì: Opel kan àti jíìpù kan. Ẹni tí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe sí ọkọ̀ méjèèjì bá yé ti mọ̀ ọ́n ju ẹni tó há gbogbo oyè rẹ̀ sórí lọ. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.

Téṣàn-másítà ni bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ọmọ Ìkòròdú ni. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, oníṣòwò kékeré ni. Ọdún 1901 ni wọ́n ti ṣí ojú irin tó gba Òṣòdì wa yìí kọjá dé Ìbàdàn, nítorí náà nígbà tí wọ́n bí Ayọ̀délé, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ìlú yìí kọjá. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ ojú irin rí mọ̀ pé kí etí tó gbọ́ fèrè, ilẹ̀ á ti kọ́kọ́ sọ fún èèyàn. Omi inú ike á máa mì. Abọ́ á máa kan ara wọn nínú àpótí. Ọkọ̀ ò tíì yọ, ẹsẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Mi ò sọ pé rélùwéè ló fi ìmọ̀ sí ọmọ náà nínú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó dàgbà, ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ gan-an ló di iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ní ọdún 1965, òun àti olùkọ́ kan ní Imperial College ní London, P. Grootenhuis, tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìwádìí ti Royal Society. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ni pé: bí a bá gbé ohun líle kan ka ilẹ̀, tí ohun náà sì ń gbọ̀n, báwo ni ilẹ̀ yóò ṣe dá a lóhùn? Láti lè ṣírò rẹ̀, wọ́n á mú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní ojú lókè ṣùgbọ́n tí kò ní òpin nísàlẹ̀, tí kò sì ní òpin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Ìgbọ̀nrìrì tó bá wọ inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa lọ ni, apá kan rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Ìyẹn ló fà á tí ilẹ̀ fi ń fún ẹ̀rọ ní ìsinmi díẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ Aswani tàbí Afprint ní Ìsọlọ̀ níbí, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ. Ẹ rántí bí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìhunṣọ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ìpìlẹ̀ ló ní iye ìgbà tó máa ń fẹ́ gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan bí ohunkóhun bá ta á jí. Bí eré ẹ̀rọ bá ṣe déédéé pẹ̀lú iye yẹn, ìgbọ̀nrìrì á máa gun ara rẹ̀, bóòtù á máa tú, kọnkéré á sán. Ẹni tó ń da ìpìlẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá ní láti mọ ìṣirò yìí kí ó tó pe àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì. Ní ọdún 1973, Awójọbí àti R. E. Gibson tún tẹ òmíràn jáde lórí ilẹ̀ tí kò le bákan náà, ilẹ̀ tó ń le sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí à ń kọ́lé lé lórí ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kíákíá. St. Peter's ní Fàájì ló ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ sí CMS Grammar School. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò dá. Wọ́n fẹ́ ṣe eré Macbeth, ti Shakespeare. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe Macbeth fúnra rẹ̀ ṣàìsàn. Awójọbí ní òun lè bọ́ sí ipò rẹ̀, torí òun ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Macbeth lórí, òun sì ti mọ ti gbogbo àwọn tó kù pẹ̀lú. Ó ṣe é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára: Macbeth ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ní tèmi, ìtàn yẹn ṣàlàyé ẹnjiníà tó dà lẹ́yìn náà ju máàkì ìdánwò lọ. Ọmọ tí wọ́n fún ní ipa kan nínú eré, tó lọ kọ́ ipa gbogbo èèyàn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà pé kí rẹwáyà nìkan mọ wáyà, kí mẹkáníìkì nìkan mọ ẹ́ńjìnnì.

Máàkì náà ò kéré o. Ní ọdún 1955 ó gba A mẹ́jọ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ní 1958 ó tún yege gidi nínú físíìsì àti ìṣirò méjèèjì ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Zaria, níbi tó ti gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ipò kìíní ní 1962. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní 1966, ó sì padà wálé wá kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Èkó. Ní 1974, Imperial College kan náà fún un ní D.Sc., oyè tí wọn kì í fún èèyàn lásán, tó jẹ́ pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á níbẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún yẹn náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n. “Dead Easy” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n, lójú tirẹ̀ kò le rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni à ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó yí wa ká ń gbà: Dahomey, tó ń jẹ́ Benin báyìí, Niger, Chad, Cameroon. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wọlé ní láti yí ọ̀nà padà ní bodè. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń ṣe àyípadà náà: Sweden ṣe é ní 1967, Sierra Leone ní 1971, Ghana ṣe tirẹ̀ ní 1974 lẹ́yìn wa. Tiwa bọ́ sí ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde gan-an.

Òfin lè yí ojú ọ̀nà padà láàárín òru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè yí ọkọ̀ padà. Gbogbo ọkọ̀ tó ní sítíárìn lápá ọ̀tún di ọ̀ràn sí olówó rẹ̀ lọ́rùn. Awakọ̀ wá ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà dípò àárín títì. Bó bá fẹ́ ya lọ́ọ̀rì sílẹ̀, kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú àyàfi bí ẹni tó jókòó tì í bá bá a yọjú wò. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì ń já èrò sí àárín ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré bọ̀. Lálẹ́, iná iwájú tí wọ́n ti ṣe kí ó máa tẹrí sí òsì wá ń tàn sí ojú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì.

Opel Olympia Rekord ni Awójọbí ní, ọkọ̀ tí ìdílé rẹ̀ ń wọ̀, sítíárìn rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Ó yí i sí apá òsì.

Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi kà á kí àwọn ọmọ wọ̀nyí lè gbọ́. Ẹ máa yọ òpó sítíárìn àti àpótí jíà rẹ̀ tó so mọ́ ṣásì lápá ọ̀tún. Ẹ máa wá ibi tí yóò jókòó sí lápá òsì, ibẹ̀ sì lè jẹ́ pé bátìrì tàbí sálẹ́ńsà ló ti gbà á. Ẹ ò lè kàn gbé e kọjá bó ṣe wà, torí bí apá rẹ̀ bá dojú kọ ibi tí kò yẹ, ẹ lè yí sítíárìn sọ́tùn-ún kí táyà yà sósì. Ẹ máa gé irin tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí ibi tí èèyàn ń jókòó, kí ẹ lè rí ihò tuntun, ẹ ó sì jó ti tẹ́lẹ̀ dí. Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ bíréèkì, ẹsẹ̀ àsìlétọ̀, gbogbo wọn ló máa tẹ̀ lé e. Páìpù bíréèkì á gùn sí i tàbí kúrú, ẹ ó sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ẹsẹ̀ á fi le. Wáyà tó ń ka eré á yí ipa ọ̀nà padà. Dásíbọ́ọ̀dù á di òdìkejì ara rẹ̀. Wáípà tó ń nu iwájú awakọ̀ dáadáa á máa nu ti ẹni tó jókòó tì í, á sì fi igun ti awakọ̀ sílẹ̀ lómi. Iná iwájú ńkọ́? Ẹ ó tún un ṣe.

Èmi rò ó wò nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ni ó fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ó lè ti jókòó kọ ọ́, ìwé á dára. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ inú yàrá ìdánwò ni, bí nǹkan bá já, bí nǹkan bá kọ̀, èèyàn á sọ pé ìdánwò ni. Ọkọ̀ tí àwọn tirẹ̀ ń wọ̀ ló fi ìmọ̀ rẹ̀ dán wò. Ẹni tó fi aya àti ọmọ sínú ọkọ̀ tó tú tó sì tò padà, ìṣirò rẹ̀ dá a lójú nìyẹn. Mi ò mọ ẹ̀rí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni jíìpù. Irú èyí tí sójà ń gùn ni, ó sì sọ ọ́ ní Autonov 1. Jíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ní jíà mẹ́rin fún iwájú, ó ní ẹyọ kan fún rífáàsì. Ẹyọ kan náà sì nìyẹn: ó lágbára, kò lè sáré. Bí eyín jíà méjì bá wọ ara wọn, ọ̀kan yí sọ́tùn-ún, èkejì á yí sósì. Fi jíà kẹta sáàárín wọn, tó kẹ́yìn á tún yí padà sí apá ti àkọ́kọ́. Ọgbọ́n rífáàsì nìyẹn, jíà kékeré kan tó bọ́ sáàárín. Awójọbí béèrè pé, kí ló dé tí ọgbọ́n yìí yóò fi wà fún ẹyọ jíà kan ṣoṣo? Ó ṣètò jíìpù náà kí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti wà nínú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún iwájú, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ yẹn ṣe lè sáré tó lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ló lè sáré padà sẹ́yìn.

Sójà tó wọ ọ̀nà tóóró, tí ọ̀tá wá dí iwájú mọ́ ọn, kò ní ààyè láti yípo. Ẹ̀yin ará Máfolúkù àti Ṣógunlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín. Ẹ mọ àdúgbò tí dánfó wọ̀ tí kò lè jáde, tí kọ̀ńdọ́ ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀, tó ń lu ara ọkọ̀ náà, tó ń pariwo “máa bọ̀, máa bọ̀”, tí jíábọ́ọ̀sì ń ké igbe rífáàsì bí ẹni tí wọ́n ń nà.

Wàyí o, ohun kan dùn mí, màá sì sọ ọ́. Autonov kò di ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kankan ń ṣe jáde. Ní ọdún 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó níbí, Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ ń ti òkè òkun wá nínú pákó, àwọn ọmọ wa ń tò ó pọ̀. Iṣẹ́ rere ni, ó bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, ní àkókò kan náà, ọkùnrin kan wà tó lè wo jíábọ́ọ̀sì kí ó sì béèrè ìbéèrè tí ẹni tó ṣe é kò béèrè. A ní ẹni tó ń béèrè, a sì yan títò. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn kan á ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló kàn ọ́ kan gírísì?” A ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Ẹ wo àdúgbò wa. Láti 1956 ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní FIIRO ti wà ní Òṣòdì yìí, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí àti sọ́yà-ògì. Ní 1977, Ìsọlọ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, èyí tó di Lagos State Polytechnic lẹ́yìn náà. Ọjà Ládípọ̀, tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀, ẹsẹ̀ ni èèyàn á fi rìn débẹ̀. Ìmọ̀ ìwé, ìmọ̀ ọwọ́ àti ohun èlò ń gbé àdúgbò kan náà, wọn kì í kí ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣírò jíà nínú ìwé kò tíì fọwọ́ kan jíábọ́ọ̀sì rí. Ọmọṣẹ́ tó ń gbé jíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀, tí yóò gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìṣirò wà fún iye eyín tó ń kà. Nínú Awójọbí, àwọn méjèèjì ń gbé ara kan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, ìdí náà sì ni tí mi ò fi fẹ́ kí a máa rántí rẹ̀ pẹ̀lú oyè nìkan.

Ará ìlú mọ̀ ọ́n fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Wọ́n rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti ń darí ìdíje ìmọ̀ Mastermind. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń bá ìjọba wí lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó epo. Lẹ́yìn ìdìbò 1983, ó gbé ìjọba Ààrẹ Shagari lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn tó bá gbé ìgbà yẹn lè sọ èyí jù mí lọ. Mo kàn rí i pé ìwà kan náà ni: ẹni tí kò lè rí ohun tó bàjẹ́ kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984 ni ó kú. Ọmọ ọdún 47 ni. Kò fẹ̀yìn tì. Kò ní àsìkò tí àwọn bàbá tó jókòó níwájú mi yìí ní, àsìkò tí èèyàn máa ń ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ó wù ú, tí kò sí ọ̀gá kankan tó ń retí ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ohun tó mọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lórí ìwé, ó sì bá a lọ.

Ẹ̀yin tí mò ń bá wí gan-an ni ẹ̀yin tó ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ yín. Ẹ wà ní Àjàó Estate, ẹ wà ní Òkè-Afà, ẹ wà ní Ìlasamàjà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ ti ṣiṣẹ́ ilé ìhunṣọ, ẹ ti ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Àwọn kan nínú yín jẹ́ sójà tó wá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣòdì níbí, ní ibùdó tí wọ́n ti ń múra ológun sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, tí ẹ ò sì padà sí ìlú yín mọ́. Rédíò àtijọ́ wà lórí tábìlì yín tó ń sọ̀rọ̀ torí pé ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Àwọn ọmọ ilé ń sọ pé, “Bàbá, ẹ da nǹkan wọ̀nyí nù.” Ẹ má dà á nù. Ẹ pe ọmọ àdúgbò méjì ní ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú u, kí ẹ̀yin máa wò, kí ọ̀kan nínú wọn sì máa kọ ohun tí ẹ bá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe ti ẹnu yín jáde.

A ò ní dúró di Sátidé kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ àwọn tó pè wá kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ tàbí lábẹ́ ọkọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, tó bá ti yí sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì rí, tàbí tó rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń yí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ nawọ́ sókè. Ọmọ tó mú makirofóònù lọ́wọ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ gé irin, ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi dí ihò ti tẹ́lẹ̀.